Èèpo Ẹ̀pà Tí Mo Dáná Sun

Mo rántí ìgbà tí oko ìyálé mi ń rùn bí aṣọ mẹkáníìkì. Kì í ṣe òórùn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó jókòó ni. Bí atẹ́gùn bá gba ọ̀nà Ìpapó wá, a ó gbọ́ ọ nínú yàrá. Bí a bá ro ọkà tán, a ó tún gbọ́ ọ lórí ọkà. Ọmọ-ọmọ mi tí mo ń pọ̀n nígbà náà ti dẹni tó ń bá mi ka lẹ́tà báyìí, nítorí ìwé mẹ́ta péré ni èmi kà, ṣùgbọ́n òórùn yẹn kò tíì kúrò nímú mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn rárá. Tánkà kan tó ń gbé epo dísù lọ fún àwọn tó ń fọ́ òkúta lápá Ìgbẹ́tì ló dé kọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa, tó sì ṣubú gbalaja. Ọlọ́hun yọ awakọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló dá. Epo inú ọkọ̀ náà ya, ó gba kòtò ẹ̀bá títì, ó wọ oko ẹ̀pà ìyálé mi, ó sì dúró síbẹ̀ bí àlejò tó gbé ẹní tirẹ̀ wá. Ẹ̀pà náà ti ń yọ òdòdó. Ó ku nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n wà á.

Àwọn èèyàn sáré dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti korobá, wọ́n ń bu epo. Kí n má parọ́ lọ́jọ́ ogbó mi, èmi náà gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, ọjọ́ orí tó yẹ kéèyàn ti gbọ́n, mo sì rò pé mo gbọ́n lóòótọ́, nítorí mo ti mọ ẹlẹ́rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ tó máa rà á lọ́wọ́ mi. Ìyálé dúró lábẹ́ igi ẹ̀mí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, wọ́n káwọ́ lérí. Ohun tí wọ́n ń sọ ṣáá ni pé, “Ẹ rọra o. Ẹ̀pà lẹ̀ ń tẹ̀ yẹn.” Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń wò. Mo yí ẹsẹ̀ kúrò lórí ebè kan, mo tẹ òmíràn.

Ilẹ̀ yẹn nìkan ni Ìyálé ní. Bàbá ọkọ wa ló fún wọn lọ́dún tí wọ́n gbé wọn wọlé, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó àkọ́kọ́ tó wọ agbo ilé náà. Tèmi yàtọ̀. Ara oko ọkọ mi ni wọ́n gé tèmi sí, bí ó bá wù wọ́n lọ́dún yìí wọ́n á gé e síbí, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mí-ìn wọ́n á gé e sọ́hùn-ún. Ọmọ kan ṣoṣo ló dúró fún Ìyálé, obìnrin, ó sì ti lọ sílé ọkọ ní Òkèhò. Èmi bí márùn-ún. Bí mo bá sọ pé à ń jà, mo parọ́. A kì í jà. Ohun tó burú ju ìjà lọ ni à ń ṣe: à ń kí ara wa. “Ẹ káàárọ̀, Ìyálé mi.” “O ò jí bí, Ìyàwó?” Ó parí nìyẹn, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí ẹ̀ ni pé ìyá tó bí mi ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kan kí n tó lọ sílé ọkọ. Wọ́n ní, “Bí o bá bó ẹ̀pà, bí o bá pa ẹ̀gúsí, má fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ fún orogún. Dáná sun ún. Ẹni tó bá kó èèpo rẹ, ìkórè rẹ ló kó, tòun ti ọmọ.” Àáfà wa máa ń wàásù pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ẹ̀sìn, pé ẹ̀rù asán ni. Mò ń gbọ́ wàásù, mo sì ń sun èèpo.

Nígbà tí epo tó wà lókè ilẹ̀ tán, tí èyí tó wọlẹ̀ kù, Ìyálé kọ́kọ́ lo ọgbọ́n tí gbogbo àwa obìnrin mọ̀. Ibi ìdáná la ti kọ́ ọgbọ́n wa. Bí igbá bá lépo, eérú la fi ń fọ̀ ọ́. Ìyálé bá ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń gbá eérú nídìí ààrò, wọ́n ń rù ú lọ sóko, wọ́n ń fọ́n ọn. Èmi náà rò pé ó máa ṣiṣẹ́. Òjò rọ̀ lé e lórí, eérú àti epo bá lẹ̀ mọ́ra wọn bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi bọ́tọ̀ màlúù rẹ́. Koríko ò hù. Ekòló ò yọjú. Ọkọ wa wò ó títí, wọ́n mirí.

“Ẹ jẹ́ ká fi í fún Ọlọ́hun,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.

“Mo ti fi í fún Ọlọ́hun, Bàbá,” Ìyálé dáhùn. “Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ò ní bá mi roko.”

Ọmọbìnrin kan ló wá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọ́fíìsì àwọn tó ń kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́ ló ti wá, láti Ìsẹ́yìn, orí ọ̀kadà. Ọmọ àgíríìkì là ń pè é. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó tẹ̀ síwájú, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ilẹ̀ náà, ó gbóòórùn ẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná.

“Ìyá, ẹ má da eérú sí i mọ́. Ilẹ̀ yìí kò kú. Ebi ló ń pa á.”

“Ebi kẹ̀?” Ìyálé ní. “Pẹ̀lú gbogbo epo tó mu yìí?”

“Àwọn kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ tí ojú wa ò lè rí. Wọ́n lè jẹ epo náà tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ta ní ń jẹ epo lásán, Ìyá? Ẹ bá wọn wá òkèlè.”

Òkèlè tó ń wí ni àwọn nǹkan tí a máa ń kó dànù lẹ́yìn ìkórè: èèpo ẹ̀pà, ìyàngbò ọkà bàbà, kùùkú àgbàdo tí a gún wẹ́wẹ́, èèpo ẹ̀gẹ́, kí a wá fi ìgbẹ́ màlúù díẹ̀ sí i. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ́ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀, kí wọ́n máa tú u ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí wọ́n máa bomi rin ín. Kó má gbẹ, kó má sì kún fún omi. Ìyálé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí tánkà ti ṣubú. Wọ́n ní, “Ìyẹn ni pé oúnjẹ ni mo fẹ́ máa sè fún ilẹ̀.” Ọmọ àgíríìkì dáhùn pé, “Ẹ sá ti má fi iyọ̀ sí i.”

Ẹni tí kì í bá ṣe ará Òkè-Ògùn ló máa rò pé ó rọrùn láti kó pàǹtí oko jọ níbí. Kò sí ohun tí à ń dà nù. Ìtàkùn ẹ̀pà, àgbò ló ń jẹ ẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ ń dúró dè é. Kùùkú àgbàdo, igi ìdáná ni fún ẹni tí kò lówó igi. Ìyálé di alágbe èèpo. Wọ́n á gbé àpò lérí, wọ́n á lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ọkà, wọ́n á lọ síbi ẹ̀rọ gàrí, wọ́n á dúró títí àwọn obìnrin á fi bó ẹ̀gẹ́ tán. Ọ̀kan nínú àwọn oníẹ̀gẹ́ pariwo sí wọn lọ́jọ́ kan tí èmi náà wà níbẹ̀.

“Ìyá Alákìtàn! Ṣé abẹ́ ilẹ̀ lẹ ti ń sin ewúrẹ́ báyìí ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni o,” Ìyálé ní. “Ewúrẹ́ tèmi kì í ké, kì í sì í wọ ilé onílé jẹ iṣu. Bù ú sí i, ọmọ mi. Ó ti tọ́jú ẹnu sílẹ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bù ú fún wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kì í ṣe irú tiwọn. Àgbò tí ọkọ wa fẹ́ fi ṣe Iléyá ọdún náà gbẹ, torí Ìyálé ń jí nínú ìtàkùn ẹ̀pà tó yẹ kó jẹ. Ọkọ wa ní bí ọ̀bẹ bá kan ẹran yẹn, egungun ló máa kọ́kọ́ bá.

Nígbà tí mo wa ẹ̀pà tèmi, tí mo bó o tán, òkìtì èèpo rẹ̀ ga tó mi láyà lẹ́yìnkùlé. Ìyálé wá bá mi níbẹ̀ lẹ́yìn ìrun àílà. Láti ọdún tí mo ti délé yẹn, mi ò rántí pé wọ́n tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi rí.

“Ìyàwó, èèpo ẹ̀pà yìí, ṣé o máa lò ó ni?”

Ohùn ìyá mi ló sọ sí mi létí. Mo wo ojú àwọn ọmọ mi lọ́kàn, lọ́kọ̀ọ̀kan, márààrún.

“Mo fẹ́ fi dáná ni, Ìyálé mi.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀ ni.”

Wọ́n fọwọ́ kan òkìtì náà, wọ́n jẹ́ kó yọ̀ bọ́ láàárín ìka wọn. “Ó dáa. Á jó dáadáa, ó ti gbẹ.” Wọ́n padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn.

Mi ò sì ní ohun tí mo fẹ́ sè. Mo kàn ṣáná sí i ni. Ó jó títí di alásárì. Èéfín rẹ̀ fẹ́ lọ tààrà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyálé níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sápá kejì, wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo gba àwọn ọmọ mi là.

Ẹ̀ẹ̀rùn wọlé. Ikọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyálé jà, ó ń mì wọ́n bí igi tí wọ́n ń gbọn èso rẹ̀. Ọmọ wọn wá láti Òkèhò pé òun ń gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́dọ̀ òun. Ọkọ wa kò lè ru omi mọ́, orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Lọ́jọ́ tí Ìyálé máa lọ, ẹrù ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyàwó, mi ò ní ẹlòmíràn. Bá mi máa bomi rin ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ ọjà. Kó má gbẹ. Bó bá gbẹ, àwọn nǹkan tó ń jẹun níbẹ̀ á kú, á wá dà bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyálé mi,” ni mo wí.

Mo lọ ní ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́. Mo ru omi láti odò lẹ́ẹ̀mẹrin, mo dà á, mo mú ọkọ́ pé kí n tú u. Ìgbà tí mo tú u ni mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ náà gbóná. Kò sí iná níbẹ̀, oòrùn ò tíì mú, síbẹ̀ ó gbóná bí abẹ́ adìyẹ tó ń sàba, ooru funfun kan sì ń yọ lára rẹ̀. Mo fi ọkọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí èèpo bá ń jẹrà, ó máa ń gbóná, bẹ́ẹ̀ sì ni èmi tí mo ti ń kó àkìtàn láti kékeré ì bá ti mọ̀ ká ní mo ronú. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ohun tí mo sọ lọ́kàn ni pé nǹkan wà nínú ilẹ̀ yìí lóòótọ́. Ní ọjọ́ ọjà kejì, òkèèrè ni mo ti da omi, mo sá padà. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò lọ. Mi ò lọ mọ́.

Ọmọ wọn ń pè mí lórí fóònù. “Ìyá, Màmá ní kí n bi yín pé báwo ni ilẹ̀.” Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni. Mo máa ń gbọ́ ohùn Ìyálé lẹ́yìn ẹ̀, tí ikọ́ ń gé e, tí wọ́n ń ṣàdúà fún mi pé Ọlọ́hun á jẹ́ kí n rí ẹni bá mi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba àdúà tí mi ò ṣiṣẹ́ fún, títí ọyẹ́ fi dé, tó mú gbogbo omi tó wà nínú ilẹ̀ lọ.

Ìyálé padà wálé. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ ti fẹ̀ jù wọ́n. Kò tíì pé ọjọ́ méjì tí wọ́n dé tí wọ́n fi ní kí ọlọ́kadà gbé wọn lọ sóko, èmi àti ọkọ wa tẹ̀lé wọn lórí òmíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ náà títí dé ọrùn ọwọ́. Eruku ni wọ́n fà jáde, eruku tútù. Wọ́n wò mí. Mo gbé ojú sílẹ̀.

Ọkọ wa bi wọ́n pé, “Kí ló dé? Ṣé kò dáa mọ́ ni?”

“Ó gbẹ díẹ̀ ni,” Ìyálé dáhùn. “Ọyẹ́ ọdún yìí le.” Wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ìró.

Nígbà tí ọkọ wa lọ jókòó lábẹ́ igi, Ìyálé sún mọ́ mi. Kò sí ìbínú lójú wọn. Ó ṣì ń dùn mí pé kò sí.

“Ìyàwó, ṣé ó bà ọ́ lẹ́rù ni? Ó ba èmi náà lẹ́rù nígbà àkọ́kọ́. Mo rò pé iná wà lábẹ́ ẹ̀.”

Ọ̀nà là sílẹ̀ fún mi níbẹ̀, ọ̀nà gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mi ì bá sọ. Mo ní, “Rárá o, Ìyálé mi. Mò ń bomi rin ín. Ọyẹ́ náà ni.”

“Ó dáa,” ni wọ́n wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára tó kù. Àpò tí wọ́n ń rù tẹ́lẹ̀ di agbọ̀n, agbọ̀n di abọ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, wọn ò lè dé oko mọ́. Wọ́n á kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa bi ẹni tó bá ń bọ̀ lóko pé ṣé òjò náà dé ibẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n kú, lẹ́yìn alásárì. A kírun sí wọn lára, a sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn obìnrin ẹ̀rọ gàrí wá, ẹni tó pè wọ́n ní Alákìtàn sunkún ju gbogbo wa lọ.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọmọ wọn pè mí sínú yàrá. Ó ní, “Ìyá, Màmá sọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn fún èmi àti Bàbá kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa dá a. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá wọn bomi rin ín.”

Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń retí kó sọ pé ní Òkèhò ni, nígbà tí wọ́n ṣì gba irọ́ mi gbọ́. Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú.” Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, ẹ̀yin èèyàn mi, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn fa eruku jáde. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mi ò lè sunkún lójú ọmọ yẹn. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a di ẹrù.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni mo gbé àpò. Àwọn àgbà ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Àwọn ọmọge ẹ̀rọ gàrí ń pè mí ní Alákìtàn Kejì, mo sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wa ẹ̀pà ọdún náà, mo gbé èèpo tèmi lọ, gbogbo ẹ̀. Mo pò ó, mo bomi rin ín, mo tú u. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná padà, mo jókòó tì í, mo sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọyẹ́, bí ìka bá ń ro mí, ibẹ̀ ni mo máa ń fi í sí. Ẹ̀rù kò bà mí mọ́, nígbà tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní mọ́ pé kó má bà mí.

Ìgbà òjò méjì kọjá. Òórùn náà ń fúyẹ́, bí ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀. Koríko yọ létí kòtò. Mo rí ilé ekòló, mo sì kúnlẹ̀ bí aṣiwèrè lórí ilé ekòló. Ọmọ àgíríìkì wá bu iyẹ̀pẹ̀ náà lọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n ṣì fi ọdún kan sí i. Mo fi ọdún kan sí i. Nígbà tó tún wá, ó ní kí n gbin ẹ̀pà.

Ní agbo ilé wa, ìyàwó kì í jẹ àkọ́so ẹ̀pà kó tó gbé e fún ìyálé ilé tọ́ ọ wò. Ọdọọdún ni mo fi ń ṣe é pẹ̀lú ojú dídì, màá gbé abọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, màá yí padà. Ọdún yẹn, mo wa àkọ́so, mo sè é, mo bù ú sí abọ́. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ẹnu ọ̀nà Ìyálé kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìyàwó ọmọ mi ló pè mí láti ibi ìdáná.

“Ìyá, ta lẹ̀ ń gbé e lọ fún? Ṣebí ẹ̀yin náà ni ìyálé báyìí.”

Mo jókòó sórí ìloro náà. Mo bó ọ̀kan, mo jẹ ẹ́. Mo ti ń bẹ Ọlọ́hun pé kí òórùn dísù wà nínú rẹ̀, kó lè korò lẹ́nu mi bó ṣe tọ́. Kò korò. Ó dùn, ó sì lọ́ràá. N kò rí ẹ̀pà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì lè gbé èkejì mì.

Àwọn àgbẹ̀ máa ń wá bá mi báyìí, láti Òkèhò, láti ẹ̀bá ibi táwọn mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì sí, pé kí n kọ́ wọn bí mo ṣe wo ilẹ̀ sàn. Mò ń kọ́ wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé á gbóná, pé kí wọ́n má sá. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, bẹ́ẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ tútù tí ẹlòmíràn dami sí máa ṣe. Àáfà ní kí n máa ṣe sàráà lórúkọ Ìyálé. Mò ń ṣe é. Ó ní ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn, mo sì gbà á gbọ́, nítorí mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè fi ránṣẹ́. Ọmọ mi àgbà ní kí n jẹ́ kí òun kọ orúkọ mi sórí pátákó létí títì, kí àwọn tó ń wá ibẹ̀ má baà ṣìnà. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, kó béèrè oko Ìyálé mi. Gbogbo ayé á júwe ẹ̀.